Omi Tí Ẹ̀gbọ́n Ọ̀jọ̀gbọ́n Fi Ń Fọṣọ

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kì í pe Ọ̀jọ̀gbọ́n náà ní Ọ̀jọ̀gbọ́n tí kò bá sí nítòsí. Ìyá Eléku ni wọ́n ń pè é. Ó mọ̀, kò sì bínú sí i, nítorí àárín eku ló ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú ayé rẹ̀. Yàrá ìwádìí rẹ̀ wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá nínú ilé alájà kan ní yunifásítì, níbi tí oòrùn kì í dé. Àgò eku kún orí pẹpẹ irin láti ìsàlẹ̀ dé òkè, eku funfun olójú pupa ló sì wà nínú wọn, tí wọ́n ń họ pákó wẹ́wẹ́ tí wọ́n tẹ́ fún wọn. Ó máa ń mọ eku tí ara rẹ̀ kò yá kí eku náà tó kọ oúnjẹ, láti ara bí irun ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe rí. Tó bá rò pé kò sẹ́ni tó ń gbọ́, á máa kí wọn bí ẹni ń kí ará ilé, á ní ẹ̀yin nìkan lẹ ń jẹun lọ́fẹ̀ẹ́ nínú ilé yìí.

Ìmọ̀ májèlé ni iṣẹ́ rẹ̀. Kì í ṣe irú májèlé tí wọ́n ń bù sínú oúnjẹ ẹni tí wọ́n kórìíra. Tirẹ̀ ni èyí tí kì í pariwo: èyí tó wà nínú afẹ́fẹ́ ibi iṣẹ́, nínú ọ̀dà ara ògiri, nínú kànga tó wà lẹ́yìn ilé iṣẹ́, tí èèyàn ń fà símú tàbí tó ń mu lójoojúmọ́, tí kò sì ní ṣe é ní nǹkan kan títí irun orí rẹ̀ á fi máa funfun. Ìgbà yẹn ni jẹjẹrẹ á wá yọjú. Bí ó bá ń kọ́ àwọn ọmọ tuntun, á ní ohun tó le jù nínú iṣẹ́ àwọn ni pé kí ọlọ́pàá tó dé, ẹni tó dáràn á ti lọ tipẹ́, kò sì ní fi ẹsẹ̀ sílẹ̀.

Nínú gbogbo kẹ́míkà tó gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá, omi kan wà tí ó fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún tọpa rẹ̀. Omi tí àwọn alágbàfọ̀ fi ń fọ aṣọ tí omi gidi lè bà jẹ́ ni: kóòtù, sílíìkì, aṣọ ìgbéyàwó, aṣọ dúdú àwọn lọ́yà. Tí èèyàn bá rí i nínú ìgò, á rò pé omi mímu ni, àfi pé ó wúwo ju omi lọ, ó sì ń ta sánsán, ó dùn mọ́ni nímú.

Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ló kọ́kọ́ gbé ìgò omi náà fún un nígbà tó ṣì ń kọ́ṣẹ́ ìwádìí, pé kó lọ wo ohun tó ń ṣe nínú ara eku. Ó ṣí ìdérí ìgò náà. Bí òórùn yẹn ṣe kàn án nímú, ńṣe ló dúró gbagidi, nítorí òórùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ni.

Bàbá wọn ti kú nígbà tó wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ìyá wọn ò sì pẹ́ tó fi tẹ̀ lé e. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yìí fi ilé ẹ̀kọ́ tirẹ̀ sílẹ̀, ó lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ alágbàfọ̀ kan, ó sì ń tọ́jú àbúrò rẹ̀ bó ṣe ń kọ́ṣẹ́. Nígbà tó dá ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ sílẹ̀, etí tábìlì tí wọ́n ti ń lọ aṣọ ni ọmọbìnrin náà ti máa ń ṣe iṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀. Tí oorun bá gbé e lọ, orí òkìtì aṣọ tí wọn ò tíì fọ̀ ló máa sùn sí, bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá sì wá gbé e sẹ́yìn láti gbé e lọ sílé, òórùn dídùn yẹn ló máa ń kún imú rẹ̀. Òun ni ó mọ̀ sí òórùn ilé.

Kò sọ èyí fún ọ̀gá rẹ̀. Ó gba ìgò náà, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Iṣẹ́ náà kò yá. Ó ní láti máa jẹ́ kí àwọn eku fa omi náà símú díẹ̀díẹ̀, kí ó máa dúró, kí ó wá gé kíndìnrín wọn pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ, tínrín ju bébà lọ, kí ó sì wò wọ́n lábẹ́ maikirosikópù. Ohun tó rí nígbà tó yá kò dáa. Ẹ̀dọ̀ á gba omi náà, á so nǹkan mìíràn mọ́ ọn kí ara lè rí i tọ̀ dànù. Bó bá wá dé kíndìnrín, kíndìnrín á tú ohun tí ẹ̀dọ̀ ti so, èyí tó bá sì jáde níbẹ̀ á burú ju omi tí eku náà fà símú lọ. Bí ara ṣe ń gbìyànjú àtilé e jáde gan-an ló ń ṣe ara rẹ̀ léṣe. Nínú àwọn eku tó dàgbà, kókó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ nínú kíndìnrín wọn.

Ọjọ́ tí iṣẹ́ náà dá a lójú, kò dúró gba ìkíni ẹnikẹ́ni. Ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló gbà lọ. Ọ̀sán ni, ṣọ́ọ̀bù náà móoru, àwọn aṣọ tí wọ́n fi rọ́bà bò so rọ̀ lókè bí ẹni pé àwọn èèyàn ló tò síbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń yọ kóòtù tútù láti inú ẹ̀rọ tó ń fọ̀, ó ń gbá a mọ́ àyà lọ sínú ẹ̀rọ tó ń gbẹ ẹ́, èéfín omi náà sì ń gòkè lọ sójú rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ dúró dè é títí ó fi ṣe tán. Lẹ́yìn náà ló ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún un, ẹ̀dọ̀, kíndìnrín, kókó.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi wá àga jókòó. "Àbúrò mi, ṣé mo jọ eku lójú ẹ ni?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò bá yín ṣeré."

"Mo mọ̀ pé o ò bá mi ṣeré. Ṣùgbọ́n àwọn eku tìẹ yẹn, ta ló ní kí wọ́n wá fọṣọ?"

Oníbàárà kan tó wá gba aṣọ bú sẹ́rìn-ín, àbúrò náà fúnra rẹ̀ kò sì mọ ìgbà tó rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn. Irú èèyàn tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jẹ́ nìyẹn.

Kì í ṣe pé kò gbìyànjú. Nítorí àbúrò rẹ̀, ó ṣí fèrèsé ẹ̀yìn sílẹ̀, títí eruku òpópónà fi bà lé aṣọ ìyàwó kan tó funfun báláú, tí ìyá ìyàwó sì fẹ́ fi ọ̀rọ̀ já a sí wẹ́wẹ́. Ó ti fèrèsé náà padà. Àbúrò rẹ̀ ra ìbòmú fún un, irú èyí tí àwọn tó ń fín ọ̀dà ń lò. Ó lò ó fún ìgbà díẹ̀, ó ní ooru ń mú òun, àwọn oníbàárà kò sì gbọ́ ohun tí òun ń sọ, wọ́n ń rò pé òun ń bú wọn. Ó fi kọ́ ara ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Tó bá ń kọjá níbẹ̀, á fọwọ́ kàn án, á ní òun ti kí i, kí wọ́n bá òun sọ fún Ọ̀jọ̀gbọ́n.

Ọ̀jọ̀gbọ́n rò pé bí ẹ̀gbọ́n òun kò bá gbọ́ tòun, ìjọba á gbọ́. Ìgbìmọ̀ kan wà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ kẹ́míkà, wọ́n sì pè é kó wá sọ ohun tó mọ̀. Yàrá ńlá ni wọ́n ti jókòó, kápẹ́ẹ̀tì wà nílẹ̀, omi inú ìgò wà níwájú kálukú. Ó sọ̀rọ̀ dáadáa. Bó ṣe parí ni lọ́yà àwọn tó ń kó omi náà wọ̀lú dìde, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tí kì í gbé ohùn sókè. Ó kọ́kọ́ yìn ín fún iṣẹ́ takuntakun. Ó wá bẹ̀ ẹ́ pé kó dárúkọ ẹnì kan ṣoṣo tí omi yìí pa.

Ọ̀jọ̀gbọ́n ní òun kò lè dárúkọ ẹnì kankan. Ó ní ohun tí òun mọ̀ ni pé tí wọ́n bá kó ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń fa omi náà símú jọ, àrùn yìí á pọ̀ láàrin wọn ju ti àwọn tí kò fà á símú lọ. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá mú aláìsàn kan wá síwájú òun, òun kò lè búra pé omi náà ni. Àyẹ̀wò kankan kò sí tó lè fi hàn.

Lọ́yà náà ní ó yé òun. Ó ní nígbà náà, a jẹ́ pé eku nìkan la lè dárúkọ. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ìgbìmọ̀ ní àwọn á máa yẹ ọ̀rọ̀ náà wò sí i. Bí wọ́n ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò nìyẹn, tí irun Ọ̀jọ̀gbọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í funfun, tí ọkọ rẹ̀ kú láìjẹ́ pé wọ́n bímọ, tí ọmọbìnrin ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó fẹ́ràn bí ọmọ tirẹ̀, parí ẹ̀kọ́, tó sì bá bàbá rẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀bù.

Àárín iṣẹ́ ni Ọ̀jọ̀gbọ́n wà nígbà tí ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pè é lórí fóònù. Láti ọjọ́ tí obìnrin yìí ti wọlé ọkọ, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ló ń pe àbúrò ọkọ rẹ̀, nítorí pé ó tínrín nígbà náà, kò sì yí orúkọ náà padà nígbà tí Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ sanra. Ó ní Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, mo rí ẹ̀jẹ̀ ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ó ní bàbá ọmọ òun ti ń tọ ẹ̀jẹ̀, kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni, ó ń ṣe bí ẹni pé òun ò rí i. Ọ̀jọ̀gbọ́n béèrè bóyá ó ń dùn ún.

"Rárá o, kò dùn ún rárá," ni ìyàwó náà wí, bí ẹni tó ń mú ìròyìn ayọ̀ wá.

Ọ̀jọ̀gbọ́n fọwọ́ ti tábìlì. Ẹ̀jẹ̀ tó bá ń dunni lè jẹ́ òkúta inú kíndìnrín, ó lè jẹ́ kòkòrò àìsàn. Èyí tí kì í dunni ló ń bà á lẹ́rù.

Dókítà tó ń yẹ ẹran ara wò ní ilé ìwòsàn jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ nígbà kan. Nígbà tí èsì jáde, ó ní kí Ọ̀jọ̀gbọ́n wá wò ó fúnra rẹ̀. Ó kàn gbé àga fún un nídìí maikirosikópù, ó sì jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n wò ó. Àwọn sẹ́ẹ̀lì náà tò mọ́ ara wọn, inú wọn mọ́ roro bí ẹni pé wọ́n fọ̀ ọ́. Ó mọ̀ wọ́n. Ó ti rí irú wọn lára eku ju bí ó ṣe lè rántí lọ, ó sì ti ya àwòrán wọn sínú ìwé tí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ń kà. Ó jókòó síbẹ̀, ojú rẹ̀ wà lára awò náà títí omijé fi jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ dàrú. Èsì àwòrán àyà tí wọ́n yà fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dé lẹ́yìn ìyẹn. Jẹjẹrẹ náà ti dé ẹ̀dọ̀fóró.

Láti ìgbà náà ló ti ń bá wọn lọ sí ilé ìwòsàn. Ó mọ oògùn tí wọ́n ń fún un, ó mọ ohun tó lè ṣe, ó sì mọ ohun tí kò lè ṣe. Síbẹ̀, ó máa ń dúró dè dókítà lẹ́nu ọ̀nà bí ará ilé aláìsàn yòókù, á máa béèrè pé ṣé kò sí nǹkan mìíràn ni, dókítà á sì wò ó tìyanutìyanu, nítorí òun ló yẹ kí wọ́n bi.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní tirẹ̀ ń bá àwọn nọ́ọ̀sì ṣàwàdà. Ó rí àbàwọ́n yíǹkì lára aṣọ funfun ọ̀kan nínú wọn, ó sì kọ́ ọ bí ó ṣe máa yọ ọ́, pé kó má fi omi gbígbóná kàn án o, ńṣe ló máa dì mọ́ aṣọ títí ayé. Nígbà tí wọ́n jẹ́ kó máa lọ sílé fún ìgbà díẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n lọ bá a ní pálọ̀ rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ó ti rù débi pé ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ dà bí ohun tó so kọ́ háńgà. Àwọn méjèèjì nìkan ló wà níbẹ̀.

"Sọ òótọ́ fún mi," ló wí. "Ṣé iṣẹ́ mi ni?"

Ọ̀rọ̀ yìí ni Ọ̀jọ̀gbọ́n ti fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ kọ́ ẹlòmíràn. "Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò mọ̀. Ó lè jẹ́ òun. Ó lè jẹ́ sìgá tí ẹ mu nígbà èwe. Ó lè jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ríru. Ó sì lè kàn ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kò sí nǹkan kan lára jẹjẹrẹ náà tó máa sọ ibi tó ti wá."

"Gbogbo ìwé tí o kà yẹn?"

"Gbogbo ẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò fi ìbéèrè náà gún un lára. Ó mi orí díẹ̀, ó ń wo ìta. Nígbà tó yá, ó ní òun gbọ́ pé ìgbìmọ̀ ìjọba tún fẹ́ jókòó, pé wọ́n sì ti pè é. Ọ̀jọ̀gbọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Má dárúkọ mi níbẹ̀."

Ọ̀jọ̀gbọ́n bi í pé kí ló dé.

"Ṣọ́ọ̀bù yẹn lọmọ mi fi ń jẹun. Tí àwọn èèyàn bá gbọ́ lórí rédíò pé ibẹ̀ ló pa bàbá ẹ̀, ta ló máa gbé aṣọ wá mọ́? Má fi mí ṣe eku, àbúrò mi. Má sì jẹ́ kí ìyá ẹ̀ mọ̀ pé èmi ni mo ní kí o má sọ. Ó ti ń bá mi fa ọ̀rọ̀ pé kí ọmọ náà kúrò níbẹ̀. Mi ò lágbára ìjà mọ́."

Ọ̀jọ̀gbọ́n ní ẹ jẹ́ kó kúrò níbẹ̀ lóòótọ́, ẹ̀gbọ́n mi. Ó bẹ̀ ẹ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ọmọ náà kì í ṣe ọmọdé, òun ti bi í, ó ní iṣẹ́ tí òun mọ̀ nìyẹn. Ó wá na ọwọ́ sí i pé kó ṣèlérí. Ọwọ́ náà gbẹ, awọ rẹ̀ ti là níbi púpọ̀ nítorí omi tó ti fi fọṣọ láti ìgbà ọ̀dọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n dì í mú, ó ṣèlérí.

Kò pẹ́ sígbà náà tí ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi pè é sí ilé ìdáná. Obìnrin yìí kò ka ìwé púpọ̀, ṣùgbọ́n ó ti ní ohun kan lọ́kàn, kò sì sí ohun tó lè mú un kúrò níbẹ̀. Ó ní wọ́n sọ fún Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ nígbà kan pé kò rí ẹnì kan dárúkọ. Ó ti wá rí ẹnì kan báyìí. Kó lọ sọ fún wọn pé ẹ̀gbọ́n òun ni. Kó sọ bí ó ṣe máa ń gbá aṣọ tútù mọ́ àyà, bí ó ṣe máa ń ki orí bọ inú ìkòkò ẹ̀rọ láti ha èérí dúdú ìsàlẹ̀ rẹ̀, tó máa ń jáde tí ojú á máa ṣe é bí ẹni tó mutí. Tí wọ́n bá gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀, wọn ò ní lè rẹ́rìn-ín. Ó ní òun náà máa wá, òun á jókòó sẹ́yìn kí òun lè gbọ́.

Ọ̀jọ̀gbọ́n ní kò rọrùn bẹ́ẹ̀, ìyàwó wa. Ó fẹ́ ṣàlàyé ohun tí ẹ̀rí jẹ́ àti ohun tí kì í ṣe ẹ̀rí. Ó gbọ́ ohùn ara rẹ̀, ó dà bí ìgbà tó ń kọ́ni ní kíláàsì, ó sì dákẹ́. Ìyàwó náà rò pé dídákẹ́ yẹn, ó ti gbà ni. Ó dì mọ́ ọn lọ́rùn.

Ọjọ́ ìjókòó pé. Yàrá kan náà ni, wọ́n ti pààrọ̀ kápẹ́ẹ̀tì. Lọ́yà náà ti darúgbó díẹ̀, ó ti ń lo awò ojú, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ṣì jẹ́jẹ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n sọ̀rọ̀ nípa eku, ó sọ̀rọ̀ nípa ìwádìí tí wọ́n ti ṣe lára àwọn alágbàfọ̀ láti ìgbà tó ti wá kẹ́yìn, ẹ̀rí tó lágbára ju ti àkọ́kọ́ lọ. Àwọn ìgbìmọ̀ ń kọ nǹkan sílẹ̀. Ó rò pé bóyá lọ́tẹ̀ yìí. Lọ́yà dìde, ó yìn ín, ó sì ní kó má bínú, ìbéèrè tí òun bi í nígbà yẹn ṣì ni òun fẹ́ bi í. Ṣé ó ti wá rí ẹnì kan?

Ọ̀jọ̀gbọ́n gbójú sókè. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà ní ìlà tó kẹ́yìn, ó wé gèlè tó mọ́, ó gbé báàgì sórí itan, ó sì ti tẹ̀ síwájú lórí àga. Ojú wọn ṣe mẹ́rin. Ó ń mi orí sí i díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tí ìyá bá ń gba ọmọ níyànjú pé kó kà á sókè.

Ọ̀jọ̀gbọ́n mọ̀ pé bí òun bá tiẹ̀ fẹ́ dalẹ̀ ẹ̀gbọ́n òun, ìbéèrè kan péré nípa sìgá ni ọkùnrin yìí máa bi òun, ọ̀rọ̀ náà á sì fọ́. Ó mọ̀ pé bí òun bá sì búra lórí ohun tí òun kò mọ̀, gbogbo ohun tí òun mọ̀ á bá a lọ. Ibi yòówù kó yà sí, kò sí ọ̀nà níbẹ̀.

"Mi ò lè dárúkọ ẹnikẹ́ni," ló wí.

Lọ́yà dúpẹ́, ó jókòó. Lẹ́yìn yàrá, àga kan ha ilẹ̀.

Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n sáré jáde, ó bá ìyàwó náà lórí àtẹ̀gùn, tó ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tó di irin mú. Ó pè é. Ìyàwó náà yí padà. Kò sunkún, kò sì pariwo.

"Ẹ kú iṣẹ́, Ọ̀jọ̀gbọ́n," ló wí, ó sì ń sọ̀ kalẹ̀ lọ.

Ẹnu Ọ̀jọ̀gbọ́n ń yún un. Gbólóhùn kan ló kù kó sọ, pé ọkọ yín ló ní kí n má sọ. Ó rántí ọwọ́ tó dì mú, ó gbé e mì. Ó dúró lórí àtẹ̀gùn náà títí àwọn tó ń jáde láti yàrá ìpàdé fi ń yà á sílẹ̀ kọjá.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kú ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, kí ìgbìmọ̀ tó sọ ìpinnu wọn. Èémí rẹ̀ ti kúrú láti àná rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ wà ní apá kan ibùsùn, ọmọ rẹ̀ wà ní apá kejì, Ọ̀jọ̀gbọ́n wà níbi ẹsẹ̀ níbi tó ti lè rí ẹ̀rọ tó ń ka èémí. Ó mọ ìtumọ̀ gbogbo ohun tó ń yí lórí ẹ̀rọ náà. Ó ti mọ̀ kí wọ́n tó mọ̀ pé ó ti parí, ó sì dákẹ́ kí wọ́n lè máa bá a sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀ sí i.

Ìpinnu náà jáde lẹ́yìn náà. Wọ́n ní kí àwọn tó ń kó omi náà wọ̀lú máa kọ ìkìlọ̀ sí ara àgbá, kí ìwádìí sì máa tẹ̀ síwájú. Ọ̀jọ̀gbọ́n rí ọ̀kan nínú àwọn àgbá tuntun náà ní ṣọ́ọ̀bù. Ìkìlọ̀ náà wà nísàlẹ̀, ó kéré débi pé ó ní láti fi awò sójú kó tó lè kà á, ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ sì ti ń ṣí kúrò.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń fi áyọ́ọ̀nù lọ kóòtù kan lọ́wọ́ nígbà náà. Ó ti fi àwòrán bàbá rẹ̀ kọ́ ara ògiri lẹ́yìn tábìlì. Ọ̀jọ̀gbọ́n bẹ̀ ẹ́ pé kó jáwọ́, kó máa fi omi àti ọṣẹ nìkan fọṣọ, tàbí kó wá iṣẹ́ mìíràn. Ọmọ náà gbọ́ ọ tán. Kì í ṣe ọmọ aláfojúdi. Ó gbé áyọ́ọ̀nù dúró.

"Àǹtí, ṣé ẹ lè sọ fún mi pé ó máa ṣe mí?"

"Mi ò lè sọ bẹ́ẹ̀."

"Ṣé ẹ lè sọ pé kò ní ṣe mí?"

"Mi ò lè sọ ìyẹn náà."

"Ẹ má bínú, Àǹtí. Èwo ni kí n wá mú?" Ó gbé áyọ́ọ̀nù rẹ̀, ó ń bá iṣẹ́ lọ. Ìyá rẹ̀, tó ti ń wá jókòó ti àwọn oníbàárà láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, kò gbé orí sókè. Ó ti gbà pé bí ọmọ òun kò bá jáde kúrò níbẹ̀, òun á jókòó tì í. Ó gbé tíì síwájú Ọ̀jọ̀gbọ́n pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ó ní ẹ mu tíì, Ọ̀jọ̀gbọ́n. Láti ọjọ́ àtẹ̀gùn yẹn, kò pè é ní Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ mọ́, Ọ̀jọ̀gbọ́n náà kò sì sọ ohun tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní kó má sọ.

Ohun kan ṣoṣo ni ọmọ náà gbà fún un, pé lọ́dọọdún, òun á jẹ́ kó mú òun lọ fún àyẹ̀wò. Ọ̀jọ̀gbọ́n ti fẹ̀yìn tì báyìí. Ẹlòmíràn ló ni yàrá eku, kẹ́míkà mìíràn ni ìyẹn sì ń tọpa. Ṣùgbọ́n bí ọdún bá ti yí po, á wọ bàtà rẹ̀, á lọ gbé ọmọ náà, wọ́n á jọ jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn lórí àga rọ́bà. Ọmọ náà á máa sọ̀rọ̀ nípa ìdánwò ọmọ rẹ̀, nípa oníbàárà kan tó gbé kóòtù wá tí ìwé ìfẹ́ ẹlòmíràn wà nínú àpò rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n á máa rẹ́rìn-ín níbi tó yẹ, ojú rẹ̀ á sì wà lára ilẹ̀kùn tí nọ́ọ̀sì máa gbà jáde.

Lọ́dún yìí, èsì náà dára. Nọ́ọ̀sì ní kò sí nǹkan kan. Ọmọ náà ní òun ti sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn. Wọ́n jọ wọ mọ́tò, ó sì bẹ Àǹtí rẹ̀ pé kó já òun sí ṣọ́ọ̀bù, lọ́yà kan ń bọ̀ wá gba aṣọ rẹ̀, ilé ẹjọ́ ló fẹ́ wọ̀ ọ́ lọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n wà á débẹ̀. Oníbàárà náà ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo aago ọwọ́ rẹ̀. Ọmọ náà bọ́ sílẹ̀, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú, ó sì wọlé tọ ìyá rẹ̀ lọ. Kò pẹ́ tí ẹ̀rọ ńlá ẹ̀yìn fi bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Ọ̀jọ̀gbọ́n jókòó sínú mọ́tò, ó di ìtọ́kọ̀ mú, títí ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ fi fun fèrè pé kó kúrò lójú ọ̀nà. Ó kúrò.